Ẹ Pe Orúkọ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Jẹ Ẹ́

Ọkùnrin náà ti dìde dúró nígbà tí Tạo yọ láti ilé ìdáná. Aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni, ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1985, ilé oúnjẹ tó wà ní òpópónà Milam ní Houston sì kún débi pé àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn tó ń jẹun ti gbé ṣíbí sílẹ̀. Miên, àbúrò Tạo, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ọkùnrin náà pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì yẹsẹ̀.

Tạo mọ ọkùnrin náà. Purvis ni, aṣojú ẹni tó ni ilé tí wọ́n ń lò. Lóṣù yẹn gan-an ló yẹ kí ó buwọ́ lu ìwé tí wọn yóò fi lo ilé náà fún ọdún márùn-ún sí i.

"Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni mo ní kí ó gbé wá," Purvis sọ fún un. "Ó ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní àfi kí n pe orúkọ rẹ̀."

"Orúkọ kan péré ni, Bọ̀dá mi," Miên sọ ní èdè wọn. "Phở. Àwọn tó wà ní tábìlì kejì yẹn ti pè é, wọ́n ti ń jẹ. Òun náà ti fẹ́ pè é tẹ́lẹ̀, ojú ló ń tì í."

Tạo ló ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà sára ìwé oúnjẹ. Kíláàsì kẹta ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní Sa Đéc, ìlú wọn ní Vietnam, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó ìwé tí èèyàn ṣí tí ó tún pa dé. Ó ti rí àwọn òyìnbó tí wọ́n wọlé, tí wọ́n wo àwọn orúkọ yẹn, tí wọ́n rọra gbé ìwé sílẹ̀, tí wọ́n sì gba ibòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi to oúnjẹ láti oókan dé ogójì, tí ó sì ní kí wọ́n kọ "ọbẹ̀ màlúù pẹ̀lú nuudu" sábẹ́ ìkẹsàn-án, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Miên ò fara mọ́ ọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó jẹ kò ní lè béèrè rẹ̀ mọ́ bí ó bá dé ibòmíràn. Bí eré bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní "mẹ́sàn-án," yóò dúró tì í, yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí onítọ̀hún á fi pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo tí wọ́n ń wá láti àárín ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Tạo tó wà nídìí iná ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dé.

"Ta ni obìnrin yìí gan-an?" Purvis béèrè. "Wọ́n ní àbúrò rẹ ni. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Tạo wo Miên. Ó wo Purvis. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ nígbà yẹn kò kún ọwọ́, ṣùgbọ́n ó tó èyí tí ó nílò.

"Kì í ṣe àbúrò mi," ó ní. "Ó kàn ń fọ àwo ni."

Ó sọ ọ́ sókè kí Purvis lè gbọ́ dáadáa, nítorí náà gbogbo ilé ló gbọ́. Miên gbọ́ ọ ju gbogbo wọn lọ. Òun ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú ẹbí náà. Òun ló máa ń jókòó ti Tạo ní alaalẹ́ tí ó ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí kan àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn.

Ó gbé tíréè sílẹ̀. Ó tú aṣọ ìdáná tó so mọ́dìí, ó ká a, ó fi lé orí tábìlì, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde láàárín àwọn oníbàárà. Tạo padà sídìí iná. Purvis jókòó, wọ́n sì gbé nọ́ńbà mẹ́sàn-án fún un.

Tạo kì í gbàgbé ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe é. Títí di òní ó ṣì mọ orúkọ ọmọ tó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú kòtò ní Sa Đéc ní ọdún 1958, ó sì mọ̀ pé ọmọ náà kò tọrọ àforíjì. Ohun tí Miên ṣe é, ó tò ó sórí bí ẹni to àwo. Àkọ́kọ́, ó fi í sílẹ̀ ní ọ̀sán gangan ọjọ́ Ẹtì, ìkòkò wà lórí iná, ọgbọ̀n èèyàn wà ní ìjókòó. Èkejì, nígbà tí ìyá wọn kú ní 1994, ó wá síbi ìsìnkú, ó so aṣọ funfun mọ́rí bí àwọn ọmọ yòókù, ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì wo ojú Tạo bí ẹni ń wo òpó ilé. Ẹ̀kẹta, ìwé ìpè ìgbéyàwó Lâm, àkọ́bí Tạo, padà wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i. Ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀ títí wọ́n fi lè kà á lórí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè rí pé kí ló ṣẹlẹ̀ kí Miên tó tú aṣọ ìdáná. Tạo náà ò sì sọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwé ìpè yẹn, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ orúkọ Miên nínú ilé òun mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ò fi mọ̀ pé obìnrin náà wà láyé. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá ń ṣe ìrántí ìyá wọn, Tạo gẹ́gẹ́ bí àgbà ló máa ń tan tùràrí níwájú fọ́tò ìyá, tí yóò sọ fún un pé oúnjẹ ti délẹ̀, kó wá jẹ, tí yóò sì ka orúkọ àwọn ọmọ tí ìyá bí láti orí àgbà. Orí ẹni tó ṣáájú Miên, àbíkẹ́yìn wọn, ló máa ń dúró sí. Ìyàwó rẹ̀, Ngoan, á wo ilẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò tò sórí. Kò ka ti ọdún 1979 mọ́ ọn, nígbà tí òun àti Miên sá kúrò ní Vietnam, tí wọ́n wà nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọjọ́ méje, tí ó fi ìborùn ìyá wọn so ọwọ́ Miên mọ́ tirẹ̀, kí ìgbì omi tó bá máa gbé ẹnì kan gbé àwọn méjèèjì. Kò ka oṣù mẹ́wàá tí wọ́n lò ní àgọ́ àwọn tó sá kúrò nílùú, tí wọ́n jọ ń jẹ nínú àwo kan. Kò ka ti ọkọ Miên, ọkùnrin kan tó ń pa edé ní Port Arthur. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Ngoan ti ra aṣọ funfun, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn lọ. Tạo ní orúnkún ń dun òun. Ìrìn mọ́tò wákàtí kan ààbọ̀ ni.

Èyí tó le jù kò jọ nǹkan kan nígbà tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn tí Miên lọ, àwọn oníbàárà ò dẹ́kun. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń pe orúkọ oúnjẹ fúnra wọn, wọ́n sì ń béèrè pé ọmọbìnrin yẹn dà. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ń kọ́ àwọn tuntun lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n á ní kí wọ́n má dárúkọ nọ́ńbà níbí, ẹnikẹ́ni ò ní dá wọn lóhùn. Nígbà tí ó di 1987, Tạo ní kí wọ́n tẹ ìwé oúnjẹ tuntun tí kò ní nọ́ńbà. Lọ́dún yẹn náà ni akọ̀ròyìn kan wá pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Tạo kì í gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò bá kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, ṣé òótọ́ ni? Tạo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí nìkan ló mì, kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́, wọ́n gbé ìtàn náà jáde, Lâm sì fi férémù sí i. Ó ti di ọdún méjìdínlógójì tí ó ti wà lára ògiri.

Ọdún yìí ni Khuê, ọmọbìnrin Lâm, bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó tì í. Ilé ìkàwé ìlú ni Khuê ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ kan nípa àwọn ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú ìkòkò àwọn ará Vietnam tó wọ ẹnu àwọn òyìnbó, tó sì wá wọ inú ìwé wọn. Láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú kan ó wá sí ilé oúnjẹ tuntun wọn ní Bellaire. Lâm ló ń ṣàkóso níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n Tạo ṣì ń wá láràárọ̀ láti tọ́ omi ọbẹ̀ wò kí wọ́n tó bù ú fún ẹnikẹ́ni. Ngoan jókòó sídìí tábìlì kan, ó ń gé àlùbọ́sà eléwé.

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé phở ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè àwọn òyìnbó?" Khuê ní. "Burẹdi bánh mì náà wà níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n kọ iye wákàtí tí èèyàn fi ń se egungun rẹ̀ síbẹ̀?"

"Rárá o. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ni."

"Nígbà náà wọn ò tíì kọ nǹkan kan."

Khuê rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ògiri àkọ́kọ́ tí èèyàn máa rí tó bá wọlé, ìtàn Tạo ló máa wà níbẹ̀, ìtàn ọkùnrin tí kò ju kíláàsì mẹ́ta lọ tí ó kọ̀ láti bọ́ àwọn ará Houston àfi tí wọ́n bá pe oúnjẹ lórúkọ. Ó ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ó fa fọ́tò kan yọ. Àwọn ará ilé ìkàwé ti ké sí ìlú pé kí ẹni tó bá ní fọ́tò àtijọ́ mú un wá, ìyá arúgbó kan tó ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ epo sì mú èyí wá. Ọmọbìnrin kan ló dúró ti tábìlì tí àwọn ọkùnrin mẹ́ta jókòó sí. Ẹnu ọ̀kan nínú wọn ṣí sílẹ̀, ó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yìn fọ́tò ni ìyá náà kọ ọ́ sí pé, èyí ni ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní orúkọ oúnjẹ.

"Ta ni, Bàbá?"

Tạo na ọwọ́ tó fi mú fọ́tò náà jìnnà sí ojú rẹ̀. Kò sí fọ́tò Miên kankan nínú ilé rẹ̀. Ó ti gbàgbé pé eyín rẹ̀ kan gun èkejì, tí ó máa ń fi ètè bò ó bó bá ti rántí. Nínú fọ́tò yìí kò rántí. Àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti òun. Kò sí Purvis. Kò sí ohun tó ń lé e.

"Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ àwo nígbà yẹn ni," ó ní.

Ọ̀bẹ Ngoan dúró. Khuê mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Tạo wo bírò náà bó ṣe ń rìn lórí ìwé. Nígbà tí Khuê ti lọ, Ngoan gbá àlùbọ́sà tó ti gé sínú abọ́.

"Bàbá Lâm," ó ní, "ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn."

Tạo bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọjọ́ Ẹtì, ó dé orí ìsìnkú, ó dé orí ìwé ìpè. Ngoan jẹ́ kó parí, bí ẹni tó dúró sábẹ́ òrùlé kí òjò dá.

"Mo wà nílé ìdáná lọ́jọ́ yẹn," ó sọ fún un. "Aṣọ lásán ni wọ́n ta síbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ogójì ọdún ni mo ti ń retí kí ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan."

"Ṣé o fẹ́ sọ fún Khuê ni?"

"Kì í ṣe ẹnu mi ló ti jáde."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Khuê padà wá, sílé wọn lọ́tẹ̀ yìí, kò sì jókòó. Ó ní òun bi ìyá akọ̀wé yẹn bóyá ó rántí orúkọ ọmọbìnrin inú fọ́tò, ó sì rántí rẹ̀ láìronú. Miên ni. Òun wá a, kò sì ṣòroó rí. Ó ń ta bánh mì ní Port Arthur, lẹ́bàá ilé iṣẹ́ ìfọpo. Òun pè é lórí fóònù, òun sì béèrè bóyá obìnrin náà ló ń fọ àwo fún bàbá àgbà òun nígbà kan. Obìnrin náà béèrè pé ọmọ ta ni òun. Nígbà tí òun ní ọmọ Lâm ni òun, ó ní òun ti pọn Lâm rí.

"Kí ló tún sọ?" Tạo béèrè.

"Ó ní kí n bi yín léèrè ẹni tí òun jẹ́. Ó ní ohun tí ẹ bá sọ ni kí n kọ, òun ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn." Khuê wo bàbá àgbà rẹ̀. "Ọ̀túnla nìwé ń lọ, Bàbá. Ohun tó bá ti wà lára ògiri yẹn, òun ni gbogbo ìlú máa gbà. Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi."

Tạo gbé ohùn sókè. Ó ní kí ló dé tí òun ni wọ́n ń bi. Ó ní obìnrin náà wà láyé, ó ní ẹnu, ṣé kò lè sọ̀rọ̀ ni. Ó ní láti ogójì ọdún kò kí òun rí, kò béèrè bóyá òun ti kú tàbí òun wà láàyè. Ó ti fẹ́ dé orí ìkòkò tó wà lórí iná nígbà tí Ngoan dá sí i.

"Ọjọ́ kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń ṣe ìrántí ìyá yín," Ngoan ní. "Ẹ̀yin níbí, òun lọ́hùn-ún. Ìyá yín á jẹun tán ní Houston, á tún gbéra, á máa sáré lọ sí Port Arthur kí oúnjẹ ibẹ̀ tó tutù. Obìnrin tí kò lè gun àtẹ̀gùn nígbà tó wà láyé."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Khuê ń wo ọ̀kan, ó ń wo èkejì.

"Ìyá wọn?" ó ní. "Bàbá, ṣé ìyá yín náà ni ìyá rẹ̀?"

Tạo jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta péré ni ìyá wọn lò ní Amẹ́ríkà kó tó kú, oṣù kan lọ́dọ̀ tirẹ̀, oṣù kan lọ́dọ̀ Miên. Kò sí ìgbà tí kì í béèrè ohun tó dé láàárín wọn. Tạo á ní kí ó lọ bi Miên. Ìyá máa ń dáhùn pé Miên ní kí òun lọ bi Tạo. Ó ti rò nígbà náà pé oríkunkun ló ń ṣe Miên. Lórí àga yẹn ló ti wá yé e pé ńṣe ni Miên ń fún un láàyè láti sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìyá wọn sì ti kú láìgbọ́ ọ.

"Ìwọ ló máa wa mọ́tò," ó sọ fún Khuê. "Lọ́la."

Lójú ọ̀nà, Tạo ń to ọ̀rọ̀ sínú, ọ̀rọ̀ dáadáa ní èdè wọn, irú èyí tí àgbà máa ń bá àbúrò sọ. Ó ti pinnu pé òun á ní kí Miên jẹ́ kí àwọn bọ́ sẹ́yìn ilé, níbi tí kò ní sí ẹnikẹ́ni, òun á sì sọ ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà òun á sọ fún Khuê nínú mọ́tò. Ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi ju yàrá kan lọ. Aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọpo sì ti tò láti ẹnu tábìlì títà dé ìta, akoto lábẹ́ abíyá. Khuê fẹ́ kọjá síwájú, Tạo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n tò sẹ́yìn bí gbogbo èèyàn.

Miên wà lẹ́yìn tábìlì, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, irun rẹ̀ ti funfun láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ń la burẹdi, ó ń kó ẹran àti kárọ́ọ̀tì sí i, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin gíga kan tó wà níwájú Tạo ní kí ó fún òun ní bánh mì mẹ́ta, kí ó sì fi ata sí i dáadáa. Ó pe orúkọ náà bí ọmọ Sa Đéc.

"Ata wo?" Miên bi í. "Ṣebí ìwọ lo sunkún níbí lánàá."

"Oorun ló wà lójú mi, Màmá."

"Oorun ń ṣe ẹ́, imú rẹ ń ṣomi. Màá fi díẹ̀ sí i."

Àwọn tó wà lẹ́yìn fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì gba burẹdi rẹ̀ lọ. Ó kan Tạo.

Miên gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí burẹdi, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í la á.

"Kí lẹ fẹ́ rà?" ó béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Miên," Tạo ní.

"Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín. Iṣẹ́ ni wọ́n ń padà sí. Kí lẹ fẹ́ rà?"

Tạo sọ fún un ní èdè wọn pé òun fẹ́ kí wọ́n jọ bọ́ sẹ́yìn ilé fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Miên dáhùn pé òun ò ní nǹkan kan láti gbọ́ lẹ́yìn ilé. Ọ̀rọ̀ tí Tạo ti tò láti Houston fọ́nká. Ó wá ọ̀kan mú, kò rí i. Èyí tó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti ọjọ́ yìí ló jáde.

"O fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná," ó ní.

Bí ó ti sọ ọ́ tán ló fẹ́ kó o padà. Khuê mí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Miên rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú.

"Ogójì ọdún, Bọ̀dá," ó sọ ní èdè wọn. "Ìkòkò lẹ ṣì ń rò."

Ọkùnrin tó kàn lẹ́yìn Tạo, ẹni tó jọ pé ó ti pẹ́ tó ti ń rajà níbẹ̀, na ọrùn síwájú. Ó ní, "Màmá, ta ni bàbá yìí? Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu ni?"

"Rárá," Miên dá a lóhùn. Ó sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ ọ́ sókè. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Oníbàárà kan ṣá ni."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Àwọn kan wo Tạo bí èèyàn ṣe ń wo arúgbó tó ti ṣìnà ilé. Tạo rí i pé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ìṣẹ́jú kan ò tíì kọjá. Miên ti gbé irú ìtìjú yìí fún ogójì ọdún, ó sì gbé e jáde láàárín àwọn èèyàn láìwo ẹ̀yìn. Tạo wo ẹnu ọ̀nà. Khuê ti na ọwọ́ láti mú un jáde.

Kò jáde. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ Miên, ó kọjú sí ìlà àwọn òṣìṣẹ́. Kò lè sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìgbà yẹn lọ, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Àbúrò mi ni," ó ní. "Ìyá kan náà. Bàbá kan náà."

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn ṣíjú wo Miên, ó tún wo Tạo.

"Èmi àti òun wá nínú ọkọ̀ ojú omi. Ilé oúnjẹ wa ní Houston, òun ló ní kí ẹ pe orúkọ oúnjẹ. Phở. Bánh mì. Òun ni. Ìwé ìròyìn ní èmi ni. Mo mi orí. Irọ́ ni." Ó dúró kó lè mí. "Ọkùnrin kan bínú. Mo bẹ̀rù. Ọkùnrin náà ní, ṣé àbúrò rẹ ni? Mo ní rárá. Mo ní ó ń fọ àwo. Ilé kún fún èèyàn. Ó gbọ́ mi."

Ẹnì kan lóde ń béèrè ohun tó dé tí ìlà ò fi sún. Tạo kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ọ̀bẹ tó ń la burẹdi, kò yára, kò sì dúró. Nígbà tó yá, ọ̀bẹ náà dákẹ́.

"Àwọn tó wà lóde ò gbọ́ yín," Miên sọ lẹ́yìn rẹ̀, ní èdè wọn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà díẹ̀.

Tạo rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Àbúrò mi ni," ó ní, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Mo sẹ́ ẹ."